Bí mo ṣe gbé ètò ààbò kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Èkó

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí àwọn ọmọ, láti JSS1 dé SS3, rí ẹni tí wọ́n lè sọ ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn fún, kí a sì tètè mọ ohun tó bá fẹ́ pa wọ́n lára. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní olùdámọ̀ràn. Ó ní àpótí ẹ̀sùn pẹ̀lú, tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Òfìfo ni àpótí yẹn máa ń wà, ibi tí wọ́n gbé e sí ló sì fà á. Ọmọ wo ni yóò ju ìwé sínú rẹ̀ lójú olùkọ́, lójú sínọ̀, bóyá lójú ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn gan-an?

Àwòrán ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kó àwọn ọmọ jọ ní mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, àwọn kékeré lọ́tọ̀ sí àwọn ọmọ SS, láìsí olùkọ́ tàbí prefect nítòsí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba kádíbọọ̀dù ńlá kan, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ya ọgbà náà láti géètì dé ẹ̀yìn kíláàsì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi báírò pupa sàmì sí ibi tó ń bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n sì kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe fo aago yẹn. Ibi tí kò sí ewu kankan níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lè léwu gan-an ní àsìkò ìsinmi, tàbí nígbà lẹ́sìnnì tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti lọ sílé. Ẹ má sì bi ọmọ kankan léèrè níbẹ̀ pé ta ló ṣe é. Ibi là ń wá, a kò wá ẹnìkan. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lójú ẹgbẹ́, mo máa ń rọra dá a dúró pé èmi àti òun yóò jọ sọ ọ́ lẹ́yìn ìpàdé, torí pé ọ̀rọ̀ tó bá jáde níbẹ̀ yóò ti dé gbogbo kíláàsì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Mo ní kí àwọn olùkọ́ náà ya tiwọn. Títì tí ọkọ̀ ń gbà kọjá nìkan ni wọ́n fi pupa sí. Ti àwọn ọmọ yàtọ̀: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin tí kò ṣeé tì láti inú, kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yàrá sáyẹ́ǹsì, àti iwájú géètì nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. A kan ìkọ́ sí inú ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, a gé igbó ẹ̀yìn yàrá náà, a sì gbé olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìṣọ́ kúrò ní iwájú yàrá àwọn olùkọ́ lọ sí ibi tí àmì pupa pọ̀ sí, ní aago tí àwọn ọmọ kọ.

Ní ti àpótí, mo ní kí a má retí pé kí ọmọ dá rìn lọ bá a mọ́. Àpótí ni yóò máa lọ bá wọn. Ní wákàtí ìkẹyìn ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ọmọ yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin abala A4 kan. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kọ nǹkan: ẹni tí kò bá ní ẹ̀sùn yóò da ìlà kan kọ láti ojú pátákó. Gbogbo wọn yóò ká ìwé wọn lẹ́ẹ̀mejì, àpótí yóò sì gba ìlà ìjókòó kọ̀ọ̀kan kọjá. Bí gbogbo kíláàsì bá ń kọ̀wé, kò sẹ́ni tó lè mọ èwo ni ẹ̀sùn. Ojú àpótí gbọ́dọ̀ tóóró débi tí ọwọ́ kò ní lè wọ inú rẹ̀. Kí ó ní àgádágodo méjì, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn, èkejì lọ́wọ́ olùkọ́ tí kì í ṣe ara ìgbìmọ̀ alákòóso, kí àwọn méjèèjì sì jọ ṣí i lọ́jọ́ náà gan-an. Olùkọ́ kíláàsì kò gbọ́dọ̀ rí àwọn ìwé náà, ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ẹ̀sùn bá kan ọ̀kan nínú àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹnì kejì yóò gbé e jáde kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ tààrà, sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ.

Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, omi, oúnjẹ àti àga tó kán ni wọ́n máa kọ. Àwọn olùkọ́ kan yóò ní eré làwọn ọmọ ń ṣe. Kì í ṣe eré. Wọ́n ń dán wa wò ni. Ní àsẹ́ḿbílì ọjọ́ Ajé, ẹ sọ ohun tí ẹ ti ṣe àti ohun tí agbára yín kò ká, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Níbi tí a bá ti dákẹ́, ìlà ojú pátákó nìkan ni yóò kún àpótí, ẹ̀sùn ńlá kò sì ní wọlé láéláé.

Ìwé mélòó kan wà tí kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́ wa lọ́wọ́: ọmọ tí ẹnìkan fọwọ́ kàn níbi tí kò tọ́, ọmọ tí wọ́n lù tí ó fara pa, ọmọ tó kọ ọ́ pé ayé ti sú òun. Yàrá tí a ti ń gbọ́ wọn ní gíláàsì lójú ìlẹ̀kùn, kí ará ìta lè rí wa láìgbọ́ ohun tí à ń sọ, àga méjèèjì sì ga dọ́gba. Ẹ má ṣèlérí pé “mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni,” ẹ kò ní lè mú un ṣẹ. Ohun tí mo kọ́ àwọn olùkọ́ láti sọ ni: “O ṣeun tí o sọ fún mi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Àwọn tó lè dáàbò bò ọ́ nìkan ni mo máa sọ fún, mo sì máa kọ́kọ́ sọ fún ọ ẹni tí wọ́n jẹ́.” Kí ẹ wá gbọ́. “Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?” ti pa ẹnu ọ̀pọ̀ ọmọ dé. “Kí ló tún ṣẹlẹ̀?” ló dára jù. Ọ̀rọ̀ ọmọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́ ni kí ẹ kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ má fi gírámà tún un ṣe.

Àṣà kan wà tó ń bí mi nínú gan-an: kí wọ́n pe ọmọ àti ẹni tó fẹ̀sùn kàn sí ọ́fíìsì kan náà, kí àwọn òbí wá bẹ ara wọn, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ọmọ náà kò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Èkó láti 2007, kò sì sí olùkọ́ tó láṣẹ láti bá ẹnikẹ́ni parí ọ̀ràn ìfipábánilòpọ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 àti 767, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà, DSVA, ló sì ń bójú tó irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Mirabel Centre tó wà ní LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà, ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọmọ dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Kó má tíì wẹ̀, kí ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Àpò bébà ni kí ẹ kó aṣọ náà sí: nínú ọ̀rá, ooru á mú un rin, ẹ̀rí á sì bàjẹ́.

Ọmọ tí ayé sú kì í fìgbà gbogbo sunkún. Ẹ wo ẹni tí inú ń run láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tó ń sùn ní kíláàsì, ẹni tó ń fi ohun ìní rẹ̀ tọrẹ. Ẹ bi í tààrà: “Ṣé ó máa ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ?” Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí ọmọ lọ́kàn, ìtura ló máa ń jẹ́ fún un pé ẹnìkan lè gbọ́ ọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan títí òbí tàbí alágbàtọ́ tí kì í ṣe òun ló ń ni ọmọ lára yóò fi dé, kí wọ́n sì jọ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ fún òbí pé kí ó ti oògùn kòkòrò àti oògùn àìsàn mọ́ inú àpótí nílé.

Ní òpin táàmù, àwọn ọmọ tún àwòrán yà. Pupa kúrò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú géètì ṣì pupa, ọwọ́ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ pẹ̀lú alága ọlọ́kadà àdúgbò ni ìyẹn wà báyìí. Níwọ̀n bí ìjọba ti ń gbé olùkọ́ kiri, a kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tí wọ́n bá gbé lọ yóò fa kọ́kọ́rọ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ lé arọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó tó lọ, àwọn méjèèjì yóò buwọ́ lù ú, wọn yóò sì fi ẹni tuntun náà han àwọn ọmọ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àpótí náà, kí ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e tó dé.