Bí adìẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wálé bá ń sín tàbí tó ń la ẹnu mí

Ẹ yà á sọ́tọ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa, kí ẹ sì pààrọ̀ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó náwó sórí oògùn kankan. Ìgbẹ́ adìẹ tó bá rin máa ń tú òórùn kíkan jáde, èyí tó ń ba ọ̀nà èémí ẹyẹ jẹ́, ilẹ̀ níbi tí orí adìẹ wà gan-an ló sì ti máa ń pọ̀, tí àwa tí a dúró kò fi ní mọ̀. Ẹ lóṣòó kí ẹ gbóòórùn ibẹ̀, bí ó bá ta yín lójú, ibẹ̀ kò yẹ ẹ́. Èérún pákó gbígbẹ tó tóbi díẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun. Ẹ má ṣe rọ àgbo sí i lẹ́nu tipátipá, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe fẹ́ràn láti máa ṣe, nítorí pé ẹnu ọ̀nà èémí rẹ̀ wà lẹ́yìn ahọ́n gẹ́lẹ́, omi sì lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kí ó dá wà fún nǹkan bí 30 ọjọ́, kí ẹ sì máa bọ́ àwọn adìẹ ilé kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó nìkan kò lè wo àrùn: bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá di àwọ̀ ewé, tí ọrùn rẹ̀ lọ́, tàbí tí ojú rẹ̀ wú, ẹ pe dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà, nítorí pé ó lè jẹ́ àrùn Newcastle, ìyẹn àrùn adìẹ tó ń tètè ràn, kò sì sí oògùn apakòkòrò tó ń wò ó.