Bí A Ṣe Ń Mú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Sáré Sí I fún Géèmù
Kọ́kọ́ gbọn eruku inú rẹ̀ dànù, kí o sì pààrọ̀ thermal paste (èròjà rírọ̀ tó ń gbé ooru kúrò) orí CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan tó.

Lẹ́yìn náà, a lè mú kí CPU fúnra rẹ̀ sáré ju bó ṣe wà lọ. Ká mú CPU Core i5-2500K, tí 3.3 GHz jẹ́ ìwọ̀n eré rẹ̀. Motherboard (pátákó tí CPU jókòó lé) irú P67 tàbí Z68 ń gba àfikún eré yìí láàyè. H61 kì í gbà. Tẹ Delete bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tàn láti wọ BIOS (ojú ìwé ètò motherboard), gbé multiplier (nọ́ńbà tó ń pinnu eré CPU) sí 40, kí o máa fi 1 kún un díẹ̀díẹ̀. Fi Prime95, ètò tó ń fún CPU níṣẹ́ líle, dán an wò fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ooru bá kọjá 80°C, dín in kù. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá di búlúù, ó ṣeé ṣe kí iná tó ń dé CPU má tó: fi 0.01 V kún Vcore (ìwọ̀n iná CPU) nínú BIOS, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má kọjá 1.35 V. Bí kò bá tàn mọ́, fa wáyà iná rẹ̀ yọ, kí o yọ bátìrì kékeré ara motherboard fún ìṣẹ́jú 5, kí ètò BIOS lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.