Bí a ṣe dí ojú eyín ọmọ mi kí kòkòrò tó débẹ̀

Ní ọdún 3 sẹ́yìn, eyín kan dúdú nísàlẹ̀ ẹnu àkọ́bí mi. Mi ò kà á sí. Mo ní eyín ọmọ ni, yóò ṣubú, òmíràn yóò hù. Ìgbà tí ọmọ ò lè sùn lóru mọ́ la tó dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé eyín àgbà ni. Ó máa ń yọ lẹ́yìn pátápátá tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6, kì í dúró de eyín kankan kó ṣubú kó tó hù, ìyá ò sì ní fura. Kòkòrò ti jẹ ẹ́ lu. Wọ́n yọ ọ́. Ọmọ ọdún 9! Ó ṣì ń dùn mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ẹnu àbúrò rẹ̀ lálaalẹ́ látìgbà tó ti pé ọdún 6. Nígbà tí méjì tìsàlẹ̀ yọ tán, a wọ ọkọ̀ láti Múṣin, ó di Yábàá.

Dókítà fi dígí kékeré hàn mí. “Mọ́mì, ẹ wo ojú eyín yìí, ẹ rí àwọn ilà jíjìn yẹn? Irun búrọ́ọ̀ṣì ò lè wọbẹ̀.” Ibẹ̀ ni bísíkíìtì ń há sí, tí àwọn kòkòrò inú ẹnu ń sọ ṣúgà rẹ̀ di ásíìdì tó ń jẹ eyín. Sealant ni wọ́n máa ń fi dí i, oje kan tó ń gan tí wọ́n bá tan iná sí i. Ó ní ó lè dènà nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ihò tí ì bá lu eyín ẹ̀yìn láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́.

Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó ń han gooro. Wọ́n fọ eyín náà, wọ́n ki òwú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n wá fi nǹkan búlúù kan pa á lójú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Wọ́n ṣan án, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nígbà tí mo yọjú wò ó, dídán rẹ̀ ti lọ, ó funfun bí ẹfun. Ara rẹ̀ ti rí háráhárá, ohun tí oje náà máa dì mú nìyẹn.

Àfi bí ahọ́n ọmọ mi ṣe yí lọ síbẹ̀. “Mọ́mì, ó kan!”

Dókítà ò bínú. Ó ní itọ́ ti kàn án, tí òun bá kùn ún bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣí. Wọ́n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo di ọwọ́ ọmọ mú, mo ń kà á sí i létí: ení, èjì, ẹ̀ta... Kò mira. Bí wọ́n ṣe kun oje náà tán ni iná lọ, ọkàn mi sì já, àṣé iná búlúù ọwọ́ dókítà ń lo bátìrì. Ó fi irin ṣóńṣó kan yẹ etí oje tó ti gan náà wò bóyá yóò ṣí, kò ṣí. Ó ní kí ọmọ gé bébà aláwọ̀ kan jẹ, ó ha ibi tó ga díẹ̀. Ó parí.

Ó jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. A ṣì ń fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, torí sealant ò dé àárín eyín sí eyín. Wọ́n sì ní ká máa wá lóṣù 6-6, nítorí ó lè sán.

Èrìgì ṣì bo díẹ̀ lára àwọn tòkè nígbà yẹn, a padà lọ ṣe wọ́n lẹ́yìn oṣù 3. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pé ọdún 12 báyìí, eyín ẹ̀yìn rẹ̀ kejì ti ń yọrí. Òun náà ló ń yanu sí tọ́ọ̀ṣì mi lálaalẹ́.