Kí ẹ tó tẹ fọ́tò ayẹyẹ yín

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sáwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi "Document". Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, WhatsApp á dín ìtóbi rẹ̀ kù, ojú á sì ṣe bàìbàì lórí bébà. Fọ́tò íǹṣì 4 × 6 nílò píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 1200 × 1800 kó tó mọ́ dáadáa.

Fọ́tò fóònù sábà máa ń jẹ́ 4:3 (ìwọ̀n gígùn sí fífẹ̀), bébà 4 × 6 yẹn sì jẹ́ 3:2, ìyẹn ni ẹ̀rọ fi ń gé òkè àti ìsàlẹ̀ kúrò lára fọ́tò tí ẹ yà ní ìbú (gèlè ló máa ń kọ́kọ́ lọ!). Ẹ fúnra yín gé e sí 3:2 lórí fóònù kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Títẹ̀ nílé dáa fún pásípọ́ọ̀tù kánjúkánjú. Ẹ̀rọ oníǹkì tí ẹ kì í lò déédéé, íǹkì á gbẹ sí ihò rẹ̀, ìlà funfun á máa la fọ́tò já, fífọ ihò náà á sì tún jẹ íǹkì púpọ̀. Ojú tó ń dán lára bébà fọ́tò ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. Íǹkì kì í gbẹ ní ẹ̀yìn bébà náà.