Ìpè ní ọ̀nà méjì: bẹ́ ẹ ṣe lè so fóònù oníwáyà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láì ṣìnà

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan ní Bódìjà n'Íbàdàn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù orí tábìlì mẹ́fà, àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n so gbogbo ẹ̀, ó ń dún dáadáa, àmọ́ tí sẹ́kítírì bá gbé e báyìí, "hẹ́lò, hẹ́lò", ẹni tó pè ń gbọ́ ọ ketekete, sẹ́kítírì fúnra ẹ̀ ò gbọ́ nǹkankan, àfi bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Mo tú fóònù, mo pààrọ̀ wáyà, mo pa ráútà mo tún tan án, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe wàhálà lásán. Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé mi ò kọ́kọ́ bi ara mi pé, ìpè yìí, ọ̀nà wo ló gbà wọlé ná?

Torí gbogbo ìpè pátá, ti wáyà ayé NITEL, iléeṣẹ́ fóònù ìjọba àtijọ́, ni o, ti GSM ni o, ti íntánẹ́ẹ̀tì ni o, ọ̀nà méjì ló ní. Ọ̀kan ni ti alárinà, ẹni tó ń lọ bèèrè pé lágbájá ń wá tàmẹ̀dù, ṣé ó wà nílé, ṣé ọwọ́ ẹ̀ dilẹ̀. Èkejì ni ti ohùn gan-an. Tẹ́ ẹ bá ti lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ lọ́kàn yín, ìdajì iṣẹ́ yìí ti tán.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí wáyà. Wáyà bàbà méjì ló ń wọlé láti orí òpó, iná orí ẹ̀ tó vóltì 48, bátìrì tó wà ní exchange, ìyẹn ilé ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀, ló ń gbé e wá, ìdí nìyẹn tí fóònù NITEL fi ń ṣiṣẹ́ láyé ìgbà yẹn tí NEPA bá mú iná lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé fóònù sókè, wáyà méjèèjì pàdé, iná ṣàn, exchange mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ pè, ó wá fún yín ní "ùùùù" yẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń pè yín, á ti iná tó tó vóltì 90 sínú wáyà kan náà kí agogo lè dún. Ẹ má fọwọ́ kàn án lásìkò yẹn o, mo ti ṣe é rí, ṣe ni mo ju screwdriver nù.

Nọ́ḿbà tẹ́ ẹ tẹ̀ náà, ohùn ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ 5, ohùn méjì ló dún pọ̀, ọ̀kan 770 Hz, èkejì 1336 Hz, exchange á gbọ́ méjèèjì, á mọ̀ pé 5 ni. Ẹ fi 5 yìí pamọ́ fún mi, a ṣì máa padà sórí ẹ̀.

Láyé àtijọ́ èèyàn ló ń jókòó sí exchange tó ń fọwọ́ so wáyà mọ́ wáyà. Wọ́n ní ọkùnrin kan ní Kansas City l'Amẹ́ríkà, Almon Strowger, tó ń ṣiṣẹ́ ìsìnkú, fura pé obìnrin tó ń so wáyà ń darí àwọn oníbàárà òun sọ́dọ̀ ẹlòmíì tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, inú bí i, ó wá ṣe ẹ̀rọ tí á máa so wáyà fúnra ẹ̀, ó gba pátẹ́ǹtì ẹ̀ ní 1891. Torí òkú la ṣe ń dá nọ́ḿbà tẹ̀ fúnra wa, ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ ń ka nọ́ḿbà láti apá òsì, bí ẹni ń ka àdírẹ́sì láti orúkọ ìlú wá sí ojúlé. Tí ìyá kan n'Íbàdàn bá pe fóònù ilé ọmọ ẹ̀ ní Peckham, 44 ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ kọ́kọ́ rí, ó mọ̀ pé ìlú Ọba ni, kò tiẹ̀ nílò láti mọ Peckham rárá, á kàn jù ú sọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ìpè kọjá òkun. Ìgbà tó bá débẹ̀ ni wọ́n á wo 20, ìyẹn Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n tó wá máa wá exchange àdúgbò. Torí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa fún yín ni pé kẹ́ ẹ tún gbogbo nọ́ḿbà yín kọ pẹ̀lú + àti kóòdù orílẹ̀-èdè, 234 fún Nàìjíríà, 228 fún Togo, 229 fún Benin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Kùtọnu àbí Àjàṣẹ́, ẹ rántí pé láti 30 November 2024 ni wọ́n ti fi 01 síwájú nọ́ḿbà tó wà tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣì ń pe ti àtijọ́ kò ní lọ. Ẹ má sì fi 0803 àbí 0805 dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, láti 2013 téèyàn ti lè gbé nọ́ḿbà ẹ̀ lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ àkójọ kan wò kó tó mọ ilé tó máa gbé ìpè lọ.

Alárinà àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́, SS7 lorúkọ ẹ̀. Á kọ́kọ́ gbé IAM lọ, ìyẹn "ẹnì kan ń wá nọ́ḿbà báyìí báyìí". Apá kejì á dá a lóhùn pẹ̀lú ACM, pé àwọn ti rí i. Tí wọ́n bá gbé fóònù, ANM jáde, ibẹ̀ lowó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jó. REL ni ó dàbọ̀. Ohùn tiẹ̀ ń gba ibòmíì: wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ nígbà 8000 láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, ègé kọ̀ọ̀kan bit 8, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 64,000 bit ní sẹ́kọ́ǹdì. Wáyà ńlá tí wọ́n ń pè ní E1 ní ojú ọ̀nà 32, ohùn èèyàn 30 ló ń gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan wà fún kí aago àwọn ẹ̀rọ lè dọ́gba, nọ́ḿbà 16 sì sábà máa ń jẹ́ ti alárinà. Ẹ rí i báyìí, látilẹ̀wá ni wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, alárinà kàn pààrọ̀ aṣọ ni. SIP ló ń jẹ́ níbẹ̀, á pe INVITE, wọ́n á dá a lóhùn pẹ̀lú 180 tí agogo bá ń dún, 200 OK tí wọ́n bá gbé e, BYE tó bá parí. Gateway ló dúró sí ẹnubodè bí ògbufọ̀: tó bá gbọ́ IAM láti apá wáyà, á pe INVITE sí apá íntánẹ́ẹ̀tì, 180 tó bá padà wá á sọ ọ́ di ACM, 200 OK di ANM, BYE di REL. Ohùn náà á kó sínú àpò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní RTP, àpò 50 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, tẹ́ ẹ bá lo codec, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di ohùn sínú àpò, bíi G.711 tí ò fún ohùn pọ̀, ìpè kan á jẹ tó 80 kilobit ní sẹ́kọ́ǹdì ní àlọ, á jẹ iye kan náà ní àbọ̀. WhatsApp sí WhatsApp ò dé ẹnubodè yìí rárá, ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi lè fi pe fóònù oníwáyà.

Ó ti wá tó àkókò iṣẹ́. Ká ní ẹ ní fóònù àtijọ́ nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ fẹ́ kó máa gba ìpè láti íntánẹ́ẹ̀tì, àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ATA lẹ máa rà. Oríṣi ojú ihò méjì ló wà, wọ́n sì jọra bí ìbejì. FXS ló ń fún fóònù níná àti agogo, fóònù lẹ máa kì bọ ibẹ̀. FXO ló ń gba ìlà láti exchange. Ẹ ò gbọdọ̀ ki ìlà exchange bọ FXS o, iná méjì máa kọlu ara wọn, àpótí yín lè jóná, ẹni tó tà á fún yín ò sì ní gbà á padà.

Tí fóònù bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ nílò ẹni tí á máa pín ìpè. Asterisk, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ni mò ń lò ní tèmi, Mark Spencer ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1999, ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà àlòkù gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa gba nọ́ḿbà àti SIP trunk, ìyẹn ìlà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ìpè yín dé ọ̀dọ̀ àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòókù, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà. Àwọn kan máa gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ to SIM jọ sínú àpótí, kẹ́ ẹ máa gba ìpè òkè òkun wọlé bíi pé láti Nàìjíríà ló ti wá, ẹ má dá wọn lóhùn, SIM box nìyẹn, òfin ò gbà á, òun náà ló sì ń jẹ́ kí nọ́ḿbà 080 hàn nígbà tó jẹ́ àbúrò yín ní Houston ló ń pè.

Nínú Asterisk, ẹ kọ òfin ìpè báyìí: nọ́ḿbà tó bá bá `_0XXXXXXXXXX` mu, ìyẹn 0 àti díjíìtì 10 míì, kó gé 0 iwájú kúrò, kó fi +234 sí i, kó jù ú sí trunk. Ẹ dínà 00 àti 009 tẹ́ ò bá ní ìdí láti pe òkè òkun, torí àwọn olè tó ń wá server kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò sinmi, wọ́n á fi tiyín pe nọ́ḿbà olówó gọbọi láàárín òru. Pásíwọọ̀dù gígùn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí pọ́ọ̀tì 5060, ẹnu ọ̀nà tí SIP ń gbà wọlé, ṣí fún àdírẹ́sì ilé trunk yín nìkan.

Ìgbà tí nǹkan bá wá bàjẹ́, ẹ bi ara yín pé ọ̀nà wo ló dí. Tí kò bá dún rárá, ti alárinà ni, ẹ kọ `asterisk -rvvv`, lẹ́yìn náà `pjsip set logger on`, kẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ máa wo ohun tó ń kọjá. 404, nọ́ḿbà ò sí tàbí ẹ kọ ọ́ láṣìṣe. 486, ọwọ́ ẹni náà dí. 401 tàbí 407 nìkan kì í ṣe wàhálà, ó kàn ń bèèrè pásíwọọ̀dù ni, àmọ́ tó bá ń bèèrè léraléra, pásíwọọ̀dù yín ò tọ́. Tí ìpè bá ń já ní sẹ́kọ́ǹdì 32 gẹ́lẹ́, lójoojúmọ́, ẹ má bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ACK, ìyẹn "mo ti gbọ́", tó yẹ kó tẹ̀lé 200 OK ni kò délé, ẹni tó ń retí ẹ̀ ti sú.

Tó bá ń dún tí ohùn ò dé, ti ohùn ni. Ohun tí mo rí ní Bódìjà nígbà tí mo wá gba ara mi nìyí, nínú 200 OK tí àwa fi ń dá wọn lóhùn gan-an:

c=IN IP4 192.168.1.50

Ìlà yìí ni alárinà fi ń sọ fún wọn níta pé "ibi tẹ́ ẹ máa fi ohùn ránṣẹ́ sí nìyí". Àmọ́ 192.168 yẹn, àdírẹ́sì inú ilé ni, irú ẹ̀ wà nínú ilé gbogbo ayé, bíi kéèyàn kọ "yàrá kejì lápá òsì" sórí lẹ́tà láì kọ orúkọ àdúgbò. Wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ lóòótọ́, ibi tó ń lọ ni kò sí. Ohùn sẹ́kítírì ń jáde torí àdírẹ́sì tòótọ́ ni àwọn tìta fún wa. Mo fi `external_media_address` àti `external_signaling_address` sínú Asterisk wọn pẹ̀lú àdírẹ́sì ìta, `local_net=192.168.1.0/24`, mo pa SIP ALG nínú ráútà, ìyẹn ohun tó máa ń tún ọ̀rọ̀ SIP kọ bó ṣe ń kọjá, torí ó máa ń ṣe bíi pé ó ń ran èèyàn lọ́wọ́ tí á wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló gbà mí. Mi ò sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

5 tí mo ní kẹ́ ẹ fi pamọ́ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá lo codec tó ń fún ohùn pọ̀ bíi G.729, ohùn méjì yẹn máa dàrú, ẹni tó bá tẹ 5 kó lè gba èsì ò ní rí nǹkankan. Ẹ fi `dtmf_mode=rfc4733` sí i, ọ̀nà ohùn náà ni nọ́ḿbà náà ṣì máa gbà, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ló máa lọ, nínú àpò RTP tiẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'ílùú Ọba, ti yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dandan, ìparí January 2027 ni wọ́n fẹ́ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wáyà àtijọ́, fóònù ilé á máa gba inú ráútà. Tí iná bá lọ, ó lọ nìyẹn, bátìrì exchange ò sí mọ́. Tí ìyá tàbí bàbá yín bá ń wọ bọ́tìnnì ìkìlọ̀ sọ́rùn, ẹ tètè sọ fún iléeṣẹ́ tó ń fún yín ní fóònù. N'Íbàdàn ńbí, ráútà àti ATA gbọ́dọ̀ wà lórí inverter, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó gbowó iṣẹ́ yín, ẹ fi fóònù alágbèéká pe nọ́ḿbà náà látìta, kì í ṣe látorí Wi-Fi ọ́fíìsì. Kí ẹni inú ilé gbé e, kí ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ dúró kọjá sẹ́kọ́ǹdì 40, kẹ́ ẹ tẹ 5, kẹ́ ẹ wò ó lójú server bóyá ó rí i, kí ẹni inú ilé wá pè yín padà, kó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ rí BYE tó kọjá.