Ẹ ṣe ìnṣọ́ráǹsì oko yín kí omi tó dé

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ẹ ń dáko létí omi ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dúró dìgbà tí omi bá wọko kẹ́ẹ tó máa wá owó ìrànwọ́ kiri. NAIC, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì àgbẹ̀ tìjọba àpapọ̀, ń ṣe ti àgbàrá, ọ̀dá, iná àti ìjì, ètò wọn sì ni pé kíjọba bá àgbẹ̀ san ìdajì owó tó yẹ kó san fún ìnṣọ́ráǹsì náà lórí àwọn irè oko kan bí ìrẹsì àti àgbàdo. Àmọ́ kẹ́ẹ tó sáìnì, ẹ bi wọ́n dáadáa, ọ̀yà ńkọ́, ẹyẹ ńkọ́, torí tí ò bá sí nínú ìwé, kò sówó nìyẹn o.

Ẹ fi fóònù ya oko yín báyìí tó ṣì dáa, kí déètì hàn, kẹ́ẹ tọ́jú rìsíìtì irúgbìn àti ajílẹ̀ sínú ọ̀rá níbi tómi ò lè dé. Tọ́yà bá wọlé, ẹ ya ìdí ẹ̀gẹ́ tó gé àti ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kẹ́ẹ tó tún ibẹ̀ ṣe, kẹ́ẹ sì pe NAIC lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀ Ìkòròdú, tí wọ́n bá ti ń ṣí dáàmù Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀dọ̀ yín lomi ẹ̀ ń dé, ẹ tètè ṣe tiyín.