Bí a ṣe ń dá agbanisíṣẹ́ burúkú mọ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé

Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ní Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ògíjo, àdúrà rẹ̀ ni kí wọ́n ṣáà gba òun. Àmọ́ bí ọ̀gá ṣe ń yẹ òṣìṣẹ́ tuntun wò, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí òṣìṣẹ́ máa yẹ ọ̀gá wò, òfin sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, bí ẹ kò bá tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, tí ìwé àdéhùn yín kò sì sọ nǹkan mìíràn, ìkìlọ̀ (ìyẹn nótíìsì) ọjọ́ kan péré ló tó láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó di ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá pé ọdún méjì, ó di ọ̀sẹ̀ méjì, tó bá sì pé ọdún márùn-ún, ó di oṣù kan. Nítorí náà, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi la ojú sílẹ̀ dáadáa, nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì fúyẹ́.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò: àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí dìídì wà fún. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akáwǹtáǹtì tàbí máníjà, ohun tó wà nínú lẹ́tà wọn ló máa darí ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn gan-an ló yẹ kó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹ tó gbà: ẹ dé ẹnu géètì

Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́, ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó mọ ilé-iṣẹ́ jù lọ ni ìyá olóúnjẹ tó ń tà ní àwìn fún àwọn òṣìṣẹ́ níwájú géètì. Ẹ ra oúnjẹ, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ wá bi wọ́n pé, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo làwọn èèyàn ibí máa ń san owó yín?" Bí wọ́n bá ní ìparí oṣù, ó dáa. Bí wọ́n bá mí kanlẹ̀, tí wọ́n ní gbèsè oṣù tó kọjá ṣì wà nílẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ tún bi ọlọ́kadà tó ń dúró síbẹ̀ bóyá wọ́n máa ń tètè pààrọ̀ òṣìṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń lẹ ìwé "a ń wá òṣìṣẹ́" mọ́ ara ògiri lóṣooṣù fún ipò kan náà, ẹ bi ara yín ohun tó ń lé àwọn èèyàn jáde níbẹ̀.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lójú òpó CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, bóyá ó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Kò náni lówó. Àìsí orúkọ níbẹ̀ nìkan kò tó láti sá, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kò forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó pe ara rẹ̀ ní ńlá, tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, owó yúnífọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má san án. Owó iṣẹ́ ni a wá gbà, a kò wá ra iṣẹ́.

Sátífíkéètì àti gárántọ̀

Ẹ fi ojúlówó hàn wọ́n, ẹ fi ẹ̀dà sílẹ̀, kí ẹ mú ojúlówó padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ilé-ìwé aládàáni kan máa ń gba sátífíkéètì olùkọ́ pa mọ́ kó má baà lè lọ kí táàmù tó parí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé yín dè yín, ó ti mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ibẹ̀ kò ṣe é dúró sí. Tí wọ́n bá ti gbà á, ẹ béèrè fún rìsíìtì tó ní orúkọ ìwé náà, ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé.

Fọ́ọ̀mù gárántọ̀ ń ko èèyàn sí wàhálà ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tí ẹ máa bẹ̀ kó fọwọ́ sí i lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá yín tàbí pásítọ̀ yín. Bí fọ́ọ̀mù náà bá ní òun ni yóò san gbogbo ohun tó bá sọnù, láìdárúkọ iye tó pọ̀ jù, ẹ ní kí wọ́n kọ iye náà sí i kó tó fọwọ́ sí i. Ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé òfìfo, tàbí lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí kò ní ọjọ́. Wọ́n á kàn kọ ọjọ́ sí i nígbà tó bá wù wọ́n ni.

Lẹ́tà ìgbàṣẹ́

Láàárín oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òfin ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn sílẹ̀ fún un. Orúkọ agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, irú iṣẹ́ náà, iye owó àti ìgbà tí wọ́n ń san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, owó àsìkò àìsàn, àti gígùn ìkìlọ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ kúrò yóò fún ẹnì kejì.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ìtìjú ló sábà máa ń gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ èèyàn. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló mú yín wọlé, ọ̀gá sì ti ní, "Ọmọ wa ni, kí la tún ń kọ sí ìwé?" Ẹ lè fi ọ̀wọ̀ béèrè lórí WhatsApp lọ́jọ́ kejì: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ṣeun fún ti àná. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu yín, màá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ sí márùn-ún, owó oṣù 80,000 náírà, ìsinmi lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi ṣe tí mo bá ṣì í gbọ́." Bí wọ́n bá fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti ní ẹ̀rí. Bí wọ́n bá kà á, tí wọn ò fèsì, tí wọ́n wá fi ẹnu bá yín wí pé ẹ ń ṣe bí lọ́yà, ó yẹ kí ẹ̀rù ba yín díẹ̀.

Tó bá jẹ́ kọ́ńtíráátọ̀ ló kó yín wọlé

Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó wà ní ọ̀nà Ògíjo àti Ṣágámù, kọ́ńtíráátọ̀ ló ń kó òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ wọlé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá gé ìka, ilé-iṣẹ́ á ní òṣìṣẹ́ òun kọ́, kọ́ńtíráátọ̀ á sì pa fóònù rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ta ló ń sanwó fún mi, orúkọ ta ló wà lórí káàdì ìdánimọ̀ mi, ta ló sì ń san owó NSITF lórí mi? NSITF ni àjọ ìjọba tó ń tọ́jú owó gbà-má-bínú fún ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń san án, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san. Òṣìṣẹ́ kì í san kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá yọ "owó ìnṣọ́ránsì ìfarapa" nínú tiyín, irọ́ ni wọ́n pa.

Àwọn àmì tó burú jù níbí: wọ́n ń fi orúkọ ẹlòmíràn pè yín nínú ìwé, wọ́n ń san owó lọ́wọ́ lẹ́nu géètì láìfọwọ́sí nǹkan kan, sùpáfáísà sì ń gba tirẹ̀ nínú owó òòjọ́ kó lè tún mú yín lọ́la.

Owó oṣù àkọ́kọ́

Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín kó tó wọlé. Ká ní 77,000 náírà ni àdéhùn, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kọkànlá nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́: ẹ pín 77,000 sí 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 20, ó máa tó 51,333. Bí ohun tó wọlé bá dín sí i, ẹ béèrè ìdí lọ́jọ́ yẹn gan-an. Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè ti di 70,000 náírà láti ọdún 2024, ìjọba Ògùn sì kéde 77,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún náà. Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 wà lára àwọn tí òfin yẹn yọ sílẹ̀, nítorí náà ẹ má fi bá ìyá tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin jà.

Gígé owó ni ibi tí ọ̀gá burúkú ti máa ń tú ara rẹ̀ fó. Pípẹ́ dé, 2,000. Àwo fọ́, 5,000. Owó ṣọ́ọ̀tì ní ilé epo, ìyẹn owó tó bá dín nínú ohun tí wọ́n tà, gbogbo yín ni yóò pín in. Òfin kò fún ọ̀gá láyè láti kàn máa bu owó ìtanràn. Kó tó lè yọ owó nǹkan tó bàjẹ́ tàbí tó sọnù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí ló ṣe àìbìkítà, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti fọwọ́ sí i ní kíkọ sílẹ̀. Àpapọ̀ gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà lọ. Lórí 77,000, a jẹ́ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá 25,666.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé epo, òtẹ́ẹ̀lì tàbí súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ má gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ láìkà. Ẹ ya fọ́tò mítà pọ́ǹpù tàbí ọjà orí àtẹ, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá tó bá ní kò sí àyè fún ìyẹn, tó sì ń gé owó ṣọ́ọ̀tì lóṣooṣù, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Owó ìfẹ̀yìntì náà ńkọ́? Níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 15, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni tiyín, ìdá mẹ́wàá ni ti ọ̀gá, ó sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn owó oṣù. Bí wọ́n bá ti ń yọ tiyín lóṣù méjì, tí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà kò tíì fi àtẹ̀jíṣẹ́ kankan ránṣẹ́ sí yín, ẹ pè wọ́n kí ẹ béèrè.

Ara yín àti àkókò yín

Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tó tó wákàtí kan, àti odindi ọjọ́ kan nínú méje. Lẹ́yìn ọdún kan, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni ìsinmi ọdún pẹ̀lú owó. Aboyún ní ọ̀sẹ̀ méjìlá, pẹ̀lú ó kéré tán ìdajì owó tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́.

Géètì tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì lóru nígbà tí òṣìṣẹ́ wà nínú ilé, ẹ má ṣe ìgbà kejì níbẹ̀. Bí iná bá sọ, kò sí ọ̀nà àbájáde. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ bátìrì àtijọ́ ní Ògíjo, eruku òjé ló ń bá èèyàn lọ sílé lára aṣọ, ó sì ń ṣe ọpọlọ àwọn ọmọdé níjàǹbá. Ibi tí kò bá sí ìbòmú gidi, ìbọ̀wọ́, ibi ìwẹ̀ àti aṣọ iṣẹ́ tí a ń bọ́ sílẹ̀ kí a tó lọ sílé, kò sí iye owó tó yẹ kó mú yín dúró. Tí ẹ bá farapa níbikíbi, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ ní kíkọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ẹnu ọ̀gá

Ẹ má fi ariwo nìkan ṣèdájọ́. Ọ̀gá wà tó ń jágbe mọ́ gbogbo èèyàn, tó sì ń sanwó lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láìyẹ̀. Ọ̀gá tún wà tó ń ṣe ìsìn òwúrọ̀ pẹ̀lú yín, tó ń pè yín ní ẹbí òun, tó sì jẹ owó oṣù mẹ́ta. Èyí tí a kò gbọ́dọ̀ gbà ni ìlù, èébú sí òbí ẹni, àti ọwọ́ tó ń lọ sí ara obìnrin. Èyí kò ní ìkìlọ̀ kejì.

Bí ẹ bá fẹ́ kúrò

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ní ìwé kékeré kan nílé: ọjọ́, wákàtí tí ẹ wọlé àti tí ẹ jáde, owó tó wọlé, owó tí wọ́n gé àti ohun tí wọ́n ní ó fà á. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tẹ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀kan pé àwọn gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp àti ímeèlì. Ẹ dá yúnífọ́ọ̀mù, káàdì àti kọ́kọ́rọ́ padà lójú ẹlẹ́rìí, kí ẹ gba ìwé rẹ̀.

Bí wọ́n bá jẹ owó yín, ọ́fíìsì Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí kò lágbára lọ́yà lè lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council. Bí kò bá yanjú níbẹ̀, Kóòtù Iṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè ni ilé ẹjọ́ tó ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú lẹ́tà ìgbàṣẹ́, àkọsílẹ̀ báńkì tó fi owó oṣù hàn, ìfèsì WhatsApp àti ìwé kékeré yẹn lọ, pẹ̀lú ẹ̀dà méjì-méjì, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín.